Ẹni Tó Bá Fẹ́ Yá Aṣọ Òrìṣà, Kó Kọ́kọ́ Béèrè

Ọ̀rọ̀ tí a ó jọ yẹ̀ wò lónìí ni ti àwọn òṣèré, olórin àti agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú nǹkan òrìṣà lò nínú iṣẹ́ wọn. Ní àdúgbò wa níbí, ní Ọbaníkòró, ọ̀rọ̀ náà kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Àwọn kan ní ká jẹ́ kí wọ́n máa lò ó, pé òkìkí wa ló ń kàn. Àwọn mìíràn ní olè ni gbogbo wọn. Lójú tèmi, tọ̀tún tòsì ló ń yára jù. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wádìí ni ẹni tó ni nǹkan náà, bóyá wọ́n bi í kí wọ́n tó mú un, àti ohun tí wọ́n lọ fi ṣe.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 2023, fíìmù kan tí wọ́n pè ní Gangs of Lagos jáde lórí Prime Video ti iléeṣẹ́ Amazon. Jade Osiberu ló darí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n fi ìtàn náà sí, ìtàn àwọn ọmọ ìta àti àwọn ọ̀gá tí ń rán wọn níṣẹ́ ibi. Fíìmù náà dùn ún wò, n kò ní purọ́. Àwọn òṣèré rẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn apààyàn ti gbé aṣọ Ẹ̀yọ̀ wọ̀, tí wọ́n dé akẹtẹ̀, tí wọ́n sì fi ìmúra bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí ènìyàn. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọwọ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ àti àṣà, sọ pé wọ́n tàbùkù àṣà Èkó. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Isale Eko Descendants' Union, fárígá, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́.

“Fíìmù lásán ni” ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń sọ nígbà náà. Wọ́n ní ṣé àwọn ará Ítálì bínú nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe fíìmù nípa màfíà ni? Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n bínú. Kí wọ́n tó ya The Godfather tán, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ítálì tó wà ní Amẹ́ríkà dìde sí i, títí tí àwọn tó ń ṣe fíìmù náà fi gbà láti yọ ọ̀rọ̀ “màfíà” kúrò nínú ìwé eré wọn. Fíìmù náà jáde ní 1972, ó sì lókìkí títí dòní. Kò sí ohun tí ìbọ̀wọ̀ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni Ẹ̀yọ̀ gan-an? Adámú Òrìṣà lorúkọ eré náà. Òkú ọba tàbí òkú ẹni ńlá ni wọ́n fi ń yẹ́ sí nílẹ̀ Èkó. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé 1854 ni wọ́n ṣe èyí tí ìwé kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, láti fi sin Ọba Akíntóyè tó wàjà ní 1853. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ti lówó aṣọ funfun lọ́wọ́ ló ń di Ẹ̀yọ̀. Inú ìgà ló ti ń jáde, ìgà kọ̀ọ̀kan ló sì ní àmì tirẹ̀ lórí akẹtẹ̀. Márùn-ún tó jẹ́ ti òrìṣà ló ń ṣíwájú: Adímú, tí akẹtẹ̀ rẹ̀ dúdú, lẹ́yìn náà Lábà, Oníkò, Ológèdè àti Agẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wo Ẹ̀yọ̀ kò gbọdọ̀ wọ bàtà, obìnrin kò gbọdọ̀ di ṣùkú, a kì í mu sìgá níbẹ̀, a kì í gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà kọjá. Ẹni tó bá rú òfin yìí, ọ̀pámbàtà á bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn kan gba ibi ọ̀pámbàtà yìí wọlé láti gbèjà fíìmù náà. Wọ́n ní ṣebí Ẹ̀yọ̀ fúnra rẹ̀ ń na èèyàn. Àwọn wọ̀nyí ti da nǹkan méjì pọ̀. Ẹni tí Ẹ̀yọ̀ nà mọ òfin tó rú, ìlú sì mọ ìgà tí Ẹ̀yọ̀ náà ti jáde. Bí Ẹ̀yọ̀ kan bá ṣe àṣejù, àwọn àgbà ìgà ni a ó lọ bá. Apààyàn inú fíìmù kò ní ìgà. Aṣọ tó bo ojú ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí èyí tó rẹwà jù lọ ní Èkó, wọ́n gbé e. Ọmọ tí a bí sí ìlú Kánádà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò tíì rí Ẹ̀yọ̀ rí, fíìmù yẹn ni yóò kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n wá ṣe Ẹ̀yọ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìlú ti ń retí rẹ̀ láti 2017, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ya fídíò níbẹ̀ ló jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fojú rí i láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́n nìyẹn. Ẹ wá wò ó: ọdún mẹ́jọ gbáko, fíìmù ló gba ipò Ẹ̀yọ̀ lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì BRT lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tó ń gbọ́ tí wọ́n ń pe “Ọbaníkòró! Ọbaníkòró wà o!”, kì í sábà rò pé orúkọ oyè ni wọ́n ń pe. Ọbaníkòró jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìjòyè onífìlà funfun ti Èkó, ìsọ̀rí Ògáládé ló sì wà, àwọn ìjòyè tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ètùtù àti ìṣègùn ìlú. Orúkọ awo ni a fi ń pe ibùdókọ̀ wa, ibi tí a ti ń ra gúgúrú tí a ti ń bá kọ̀ǹdọ́ jà nítorí ṣéńjì. Èyí náà jẹ́ yíyá àṣà lò, àmọ́ kò dun ẹnikẹ́ni, torí pé orúkọ náà ṣì ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ, oyè náà sì ṣì níyì. Òun ni mo fi ń sọ pé kì í ṣe gbogbo yíyá ló jẹ́ olè.

Ifá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀ṣẹ́túrá á rántí ìtàn náà. Àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin dé ilé ayé, wọ́n ń ṣètò rẹ̀, wọ́n ń dá oko orò, wọ́n ń rúbọ. Ọ̀ṣun wà láàrin wọn, wọn kò kà á sí. Obìnrin ni, kí ló mọ̀? Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé dàrú. Òjò kò rọ̀ bó ṣe yẹ, aboyún kò bí wẹ́rẹ́, ẹbọ kò dà. Nígbà tí wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: ẹnì kẹtàdínlógún yín ńkọ́? Wọ́n ní láti padà lọ bẹ Ọ̀ṣun. Kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀, tó bá fi jẹ́ ọkùnrin, ni yóò máa bá wọn lọ. Ọmọ náà ni Ọ̀ṣẹ́túrá, tó ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ tí àwọn irúnmọlẹ̀ yẹn ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n ń fi ohun tí Ọ̀ṣun ní ìpín nínú rẹ̀ ṣe é, wọn kò sì pè é síbẹ̀.

Ọ̀ṣun yìí kan náà ló gbé wa dé Amẹ́ríkà. Ní 2016, Beyoncé gbé Lemonade jáde. Nínú fídíò orin kan níbẹ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ yẹ́lò, ó ṣí ilẹ̀kùn ńlá, omi sì ń ya jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo olórìṣà tó wò ó, láti Òṣogbo dé Bàhíà, ló ní Ọ̀ṣun rèé. Orin náà kò dárúkọ Ọ̀ṣun. Nínú fídíò orin mìíràn nínú iṣẹ́ kan náà, àwọn oníjó rẹ̀ kun ara wọn ní funfun. Ọmọ Nàìjíríà ló kùn wọ́n, Láolú Ṣenbánjọ, agbẹjọ́rò tó di oníṣẹ́ ọnà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pe iṣẹ́ náà ní ọnà mímọ́ ti Orí. Ọ̀nà méjì nìyí nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Níbi tí wọ́n ti ké sí ọmọ onílé, gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni ọnà náà ti wá. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, àwọn oníwèé ìròyìn òkè òkun ń ṣe àlàyé fún ara wọn, àwọn kan nínú wọn sì ń pe Ọ̀ṣun ní “òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Áfíríkà” bí ẹni pé Áfíríkà jẹ́ abúlé kan.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti obìnrin náà tán. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú iṣẹ́ tó ṣe nítorí fíìmù The Lion King ní 2019, ó dárúkọ Ọ̀ṣun ní gbangba. Ó tún dárúkọ rẹ̀ nínú orin kan ní 2020. Mo kà á sí ìlọsíwájú. Àwọn tó ń bú u títí di òní yìí, mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi iye olórin Èkó tó ti dárúkọ Ọ̀ṣun láàrin ọdún wọ̀nyẹn tí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Brazil, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó yá nǹkan àti ẹni tó ni í. Ní ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 2021, níbi eré bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì tí wọ́n gbà ní Japan, Brazil na Jámánì ní 4 sí 2. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Paulinho ló gbá góòlù kẹrin. Bó ṣe gbá a wọlé tán, ó na apá òsì síwájú, ó fa apá ọ̀tún sẹ́yìn, bí ọdẹ tó fẹ́ ta ọfà. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ló ń kí. Ọmọ òrìṣà ni, kò sì fi pamọ́ rí. Kí wọ́n tó gbéra lọ ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, tó ní kí Èṣù lànà fún Brazil. Brazil sì gba góòlù. Àwọn kan bú u ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n pè é ní olóògùn. Kò jáwọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan kékeré yẹn fi mú àgbà olórìṣà sunkún, ẹ rántí pé ní Bàhíà, títí di 1976, ilé òrìṣà ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè lùlù. Ọlọ́pàá o, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ta ìbọn. Ìyá àgbà tí wọ́n ti fọ́ ìlù rẹ̀ rí jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ó rí ọmọ tó ta ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì níwájú gbogbo ayé. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 2022, ẹgbẹ́ oníjó Grande Rio ní ìlú Rio fi Èṣù ṣe àkòrí eré wọn níbi ọdún Kànífà, wọ́n gba ipò kìíní, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà á nìyẹn. Ohun tí wọ́n gbé jáde ni pé Èṣù kì í ṣe èṣù tí àwọn míṣọ́nnárì sọ.

Àwa tí a bí Èṣù sílé ńkọ́? Ẹ ti ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n yín sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù Yorùbá. Bí ẹ bá rí ẹni tó wọ aṣọ pupa, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń rẹ́rìn-ín burúkú, “Èṣù” ni wọn á kọ sábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi orúkọ Èṣù túmọ̀ Sàtánì nínú Bíbélì, ni ẹni tó ń gbé ẹbọ, tó ń ṣọ́ oríta, tó di àṣẹ mú, ti di ọ̀tá. Mo gbà pé Crowther ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò lò ni, iṣẹ́ ìtumọ̀ kò rọrùn. Àmọ́ òṣèré òde òní kò ní àwáwí yẹn. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, lọ́dọọdún, àwọn ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ń jáde láti sọ pé Èṣù kọ́ ni Sàtánì. Gbogbo òṣèré ló ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí eré Wọlé Ṣóyínká, Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975, tó dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1940. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kú egúngún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn elégún wọ̀, wọ́n fẹ́ fi lọ jó níbi àríyá, bóyá ìmúra wọn á gba ẹ̀bùn. Ọlọ́pàá kan, Àmúsà, wá jẹ́ iṣẹ́ pàtàkì fún wọn. Bó ṣe rí wọn nínú ẹ̀kú, ó kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ṣebí Mùsùlùmí ni, kí ló kàn án? Ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n, wọ́n lè dá a dúró níṣẹ́. Síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ní kó lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fẹ́ràn Àmúsà gan-an ni. Kì í sin egúngún. Ó ti gba ẹ̀sìn mìíràn, ó ń jẹ oúnjẹ ìjọba, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé aṣọ yẹn ní ẹni tó ni ín. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ òṣèré tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí kò ju èyí lọ. N kò ní kó wá tẹfá.

Àwọn ará ibòmíràn ti fi òfin dì í. Ẹ ti rí àwọn agbábọ́ọ̀lù rọ́gíbì ti New Zealand tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, tí wọ́n ń yọ ahọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Haka ni wọ́n ń pè é, ti àwọn Màórì, àwọn onílẹ̀. Èyí tí ayé mọ̀ jù, Ka Mate, olóyè kan tó ń jẹ́ Te Rauparaha, ti ẹ̀yà Ngāti Toa, ló ṣe é ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni oníkálukú ń fi í polówó ọjà. Ngāti Toa kò sinmi, títí tí ìjọba fi ṣe òfin ní 2014 pé ẹni tó bá fẹ́ fi Ka Mate ṣòwò tàbí tó fẹ́ fi í sínú fíìmù ní láti sọ ẹni tó ni í. Òfin náà kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ lásán ni wọ́n béèrè. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣì ń jó o, ó sì tún wá níyì sí i.

Nílẹ̀ wa, òfin tó sún mọ́ ọn ni èyí tí àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù, NFVCB, kéde ní 2024, pé wọn kò gbọdọ̀ máa fi oògùn owó àti ìpànìyàn ṣe nǹkan iyì nínú fíìmù, fídíò orin àti sìkíìtì mọ́. Ó dára, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin náà kò bójú tó ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Nínú fíìmù, bí wọ́n bá ti fẹ́ ṣe oògùn owó, ọpọ́n Ifá ni wọn á gbé kalẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ á wà lọ́wọ́, agbárí á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ awo, ta ló fi agbárí èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n rí? Ifá tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ohun ìyanu ìran ènìyàn ní 2005 ni wọ́n sọ di irinṣẹ́ gbọ́mọgbọ́mọ.

Ẹni tó ń jìyà rẹ̀ kì í ṣe èmi. Èmi ti dàgbà, ìlẹ̀kẹ̀ mi wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ wò mí kó wò mí. Àwọn ọmọdé ló ń jìyà. Ọmọ aládùúgbò mi kan, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ olórìṣà, yọ ìdè Ifá kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè iye èèyàn tí bàbá rẹ̀ ti fi ṣowó. Fíìmù ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kò pa wọ́n lára láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ yóò dàgbà, wọn á di ọlọ́pàá, wọn á di adájọ́, wọn á di alága ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2023, ní Ìlọrin, wọ́n ní kí ìyálórìṣà kan má ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe tó fẹ́ ṣe. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Èkó fún gbogbo ènìyàn ní ọlidé nítorí Ìṣẹ̀ṣe. Ibi tí ẹ̀rù àti ẹ̀tàn bá ti ṣáájú, ọlidé kò tó.

Kí n tó bọ́ sí ibòmíràn, ẹ jẹ́ kí n fi ìka náà na ara wa. Ta ni mẹ́gáàdì nínú fíìmù Yorùbá? Hausa ni, tí kò gbọ́n, tí kò mọ èdè í sọ, tí a ń fi rẹ́rìn-ín. Ta ni aláṣẹ́wó? Wọ́n á fún un ní ohùn ẹ̀yà mìíràn. Ẹ̀gùn ńkọ́? Wọ́n á ní ó ní oògùn burúkú. Àwọn ará Ìlàjẹ wà ní etí omi Bárígà níbí, àwọn Ẹ̀gùn wà ní Makoko. Wọ́n ní àṣà, wọ́n ní omi tí wọ́n ń bọ, wọ́n sì ń wo fíìmù wa. Yorùbá tó bá ń bínú nítorí Ẹ̀yọ̀, tó tún ń fi ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ẹlòmíràn pa ẹlẹ́yà, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe é dáadáa kò jìnnà. Túndé Kèlání ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Ìlú Jogbo tó wà níbẹ̀ kò sí lórí ilẹ̀ ayé; wọ́n dá ìlú sílẹ̀, wọ́n dá orò rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi bá àwọn aláṣẹ wí láìtú orò ẹnikẹ́ni síta. Gangs of Lagos ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀: wọn ì bá rán eégún tiwọn, kí wọ́n fún un lórúkọ. Ní Bárígà níbí, Crown Troupe of Africa tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996 ti fi ijó àti ìlù wa tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò tí ìta ì bá gbà. Àwọn ọmọ yẹn mọ orúkọ ìlù tí wọ́n ń jó sí.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe sìkíìtì wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ọpọ́n yín yìí ṣe nǹkan fún ọjọ́ kan péré. A ó sanwó.”

Mo ní, “Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?”

“Ẹ̀rín ni o, Bàbá. Babaláwo kan ni, ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ wá ń dún bíi fóònù. Oníbàárà rẹ̀ fẹ́ ṣe oògùn owó.”

Mo rẹ́rìn-ín sí ti fóònù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ifá fúnra rẹ̀ máa ń ṣàwàdà, àwọn babaláwo sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mo sọ fún un pé ti oògùn owó yẹn ni kó yọ, kó jẹ́ pé ìbéèrè nípa iṣẹ́ tàbí ìyàwó ni ẹni náà bá wá, nítorí òun ni àwọn èèyàn ń bá wá sọ́dọ̀ wa lóòótọ́. Ní ti ọpọ́n, mo ní n kò lè yá a. Ọpọ́n mi ti jẹ ẹ̀jẹ̀, ó ti gbọ́ orúkọ àwọn tó ti kú. Ṣùgbọ́n igi ni ọpọ́n kí a tó ṣe ètò rẹ̀. Mo júwe ibi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń ta èyí tí kò tíì mọ ohùn awo. Ìyẹn ló rà lọ.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó bi mí ní ìbéèrè tí n kò tíì dáhùn tán. Ó ní, “Bàbá, bó bá di pé mo fẹ́ lo ti Ṣàngó, ta ni mo máa bi? Ṣé ẹ ní ọ́fíìsì ni?” Ó ń béèrè tọkàntọkàn ni. Lóòótọ́, ti Ẹ̀yọ̀ rọrùn, ìgà wà. Ọ̀ṣun ní Àtáọ́ja àti Ìyá Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ọmọ Bárígà tó fẹ́ ya fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé kò lè lọ Ọ̀yọ́ lọ bi ẹnikẹ́ni. Mo gbé e lọ sí ìpàdé wa ní ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá. Àwọn kan ní ká yan ènìyàn mẹ́ta, awo méjì àti ìyálórìṣà kan, tí àwọn ọ̀dọ́ òṣèré Ṣómólú àti Bárígà lè wá bá láìsan kọ́bọ̀, kí a sì tẹ nọ́ńbà wọn sí ìwé pélébé, ṣebí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò wọ́n wa ní Ṣómólú. Àwọn àgbà méjì kọ̀, wọ́n ní bí a bá gbà láti dáhùn, wọn á ní àwa la fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A ti sún un sí ìpàdé mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ránṣẹ́ sí mi láti béèrè ibi tí a bá a dé.